Àlejò Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti Ohùn Bàbá Onífìlà

Ẹ kò ní í gbà mí gbọ́, n kò sì ní í bá yín jà sí i. Ìjà tó le jù lọ tí mo fojú ara mi rí nínú agbo ilé wa ní Pópó Yemọja, ilẹ̀ kò fà á, ogún kò fà á, orogún kankan kò sì fa aṣọ mọ́ orogún rẹ̀ lára. Ètò kọ̀ǹpútà ló fà á. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ọmọ ìyá kan náà, bá ara wọn yodì nítorí Débíánì àti Ùbúntù. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí tí irùngbọ̀n mi ti dà bíi ti ẹni tó yọjú sínú àpò fúláwà, ṣùgbọ́n lọ́dún náà lọ́hùn-ún n kò rẹ́rìn-ín rárá. Ohun kan wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn tí mo fẹ́ mọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ ẹran Iléyá lọ: mo fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá àgbà mi pe èmi náà.

Bàbá Onífìlà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí fìlà ló rán títí ó fi darúgbó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, ìyẹn ni pé kí ó jí ilé. Kí àsùbá tó tó, yóò ti gbé bùtà rẹ̀, ìyẹn kẹ́tùlù oníke tó fi ń ṣe àlùwàlá, yóò sì máa yí agbo ilé ká láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, yóò máa pe ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oríkì rẹ̀. Kì í kanlẹ̀kùn, kì í pariwo. Bí ó bá pè ọ́ tí o kò dáhùn títí tó fi yípo tán, omi tó ṣẹ́kù nínú bùtà, ojú rẹ ni yóò gbà á. Wọ́n ní bí ó bá ti dà á tán, á ní, "Omi kì í ṣe ọ̀tá ènìyàn. Oorun lọ̀tá." Gbogbo ọmọ ilé ló ń ráhùn omi yìí, gbogbo wọn ló sì ń fi í yangàn. Ẹ wo ọmọ tó ń fi omi tí wọ́n dà sí i lójú ṣe fáàrí! Ganíyù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a máa na ìka sókè bí ẹni ń ka oyè: "Èmi, Bàbá dà á sí mi lójú ju gbogbo yín lọ." Gbogbo èyí, ìtàn ni mo gbọ́ ọ. Mi ò bá bùtà náà níṣẹ́.

Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń ta táyà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣètò pé kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ Bàbá Onífìlà, kí n máa lọ sílé ìwé nílé. Ìgbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú báàgì mi, àwọn alùfáà ti ṣàdúrà tán lórí Bàbá, wọ́n ti ká ẹní. Mo bá ilé tó kún fún ariwo: ariwo ọlọ, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ, adìyẹ, ẹni tó ń ha ìkòkò ẹ̀kọ, ẹni tó ń pe ọmọ tó ti dé Ìdí Arẹ̀rẹ̀ padà wá gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, ilé náà máa ń dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde. Kálukú ń jí bó ṣe wù ú. Àwọn kan kì í jí. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, wà nínú opó, bí mo bá sì yọjú láti kí i láàárọ̀, á gbórí sókè bí ẹni ń retí nǹkan, á sì tún gbé e sílẹ̀.

Nǹkan tó ń retí ọ̀hún wà nínú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé e yí ilé ká mọ́, Àǹtí Rìsí, àbíkẹ́yìn rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ayélujára kan lókè Òkè Pádre, so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá Bàbá, ó ní kí Bàbá pe ilé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa fi sípíkà gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láràárọ̀. Bàbá gbà. Ṣùgbọ́n ó ní kí Rìsí tẹ ohun tó bá máa tẹ̀, kí ó sì jáde, nítorí òun kò lè máa jí ilé níwájú ẹni tó ti jí. Rìsí tẹ̀ ẹ́, ó jáde, ó padà wọlé láti pa á. Kò gbọ́ ohun tí Bàbá sọ, ó ṣáà rí i pé ó pẹ́ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, kò sì padà wálé. Ìyá Àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má tan ohùn náà títí òun yóò fi jáde opó. Kó tó jáde, ẹnì kan ki fláàṣì tó ní fáírọ́ọ̀sì bọ kọ̀ǹpútà náà. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà jáde opó, tó wẹ̀, tó wọṣọ funfun, tó jókòó, tó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọkọ mi," ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn bí ìdí ìkòkò.

Ganíyù kò ṣàánú mi. Ó ní, "Sùlé, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Bàbá kì í pe ẹni tí kò sùn sílé. Bí ohùn náà bá jáde lọ́la, oorun ni ìwọ á máa sùn lọ. Ta ni á da omi sí ọ lójú?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nínú ilé tó kún báyẹn, èmi nìkan ni ẹni tí a kò pè rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹ̀yin tí ẹ kàn ń tẹ fóònù. Kọ̀ǹpútà kì í dá jí. Ètò kan ló ń jí i: òun ló ń pe ojú kí ó là, tó ń pe etí kí ó ṣí, tó ń sọ fún kálukú nínú ẹ̀rọ náà pé ilẹ̀ ti mọ́. Bí ètò yẹn bá bàjẹ́, ẹrù inú ilé lè pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò jí i. Ètò tó bá kọ̀ǹpútà tiwa dé láti ọjà ni fáírọ́ọ̀sì pa. Àtúnṣe kan ṣoṣo tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ nígbà náà ni fọ́máàtì, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ nù, kí wọ́n tún ètò tuntun kó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò mìíràn wà tó ń jẹ́ Línúsì, tí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀fẹ́ ni, ìdí rẹ̀ kò sì pamọ́: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè wo bí wọ́n ṣe hun ún, kí ó tún un hun bó ṣe wù ú, kí ó sì fún aládùúgbò. Nítorí náà ló fi di oríṣiríṣi. Ìyàwó ilé wa mẹ́rin ló ń lo ata Ọjà'ba kan náà, epo kan náà, irú kan náà. Ẹ tọ́ ọbẹ̀ wọn wò kí ẹ wá sọ fún mi pé ọbẹ̀ kan náà ni.

Bọ̀dá Múfú, àkọ́bí Bàbá, bàbá Ganíyù, ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Bẹẹrẹ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Débíánì lòun ń lò, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ òmíràn. Débíánì jọ ọ́: kì í kánjú, ètò tuntun kì í tètè wọ inú rẹ̀ àfi tí wọ́n bá ti dán an wò títí ó fi sú wọn, bí o bá sì fẹ́ gbé e wọ kọ̀ǹpútà, á máa bi ọ́ ní ìbéèrè bí bàbá ìyàwó. Ibo lo ti wá? Apá ibo ni kí n gbé? Ṣé ó dá ọ lójú? Ṣé ó dá ọ lójú lóòótọ́? Ṣùgbọ́n bó bá ti jókòó, kò tún dìde mọ́. Àǹtí Rìsí ní tirẹ̀, Ùbúntù ni. Ó kọ̀wé béèrè fún un lórí ayélujára, àwọn tó ni ín sì fi sídì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, nínú páálí tó ní àwòrán àwọn ènìyàn tó ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò gba nǹkan kan. Ìyá Àgbà gbé páálí náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ọ̀fẹ́? Láti òkè òkun? Rìsí, lọ béèrè bóyá wọ́n ń wá ìyàwó." Ùbúntù á máa pààrọ̀ aṣọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà bí ọmọ tó ń dàgbà, ara rẹ̀ yá, ó ń ṣàlejò, kì í béèrè ìbéèrè púpọ̀.

Ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà. Bọ̀dá Múfú ní òun yóò pín dísìkì kọ̀ǹpútà náà sí méjì, Débíánì yóò gbé apá kan, ohùn Bàbá yóò wà ní apá kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ìpín náà bá ṣì ibi kan ńkọ́?" Àǹtí Rìsí gbé ife sílẹ̀. "Bó bá gé ohùn Bàbá mọ́ ọn?"

"Débíánì kì í ṣì í."

"Débíánì kì í ṣì í. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Rìsí, o ti ń rí mi fín."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ùbúntù tèmi kò níí fọwọ́ kan dísìkì. Inú sídì ló ti máa ṣiṣẹ́."

"Nǹkan ọmọdé. Ohun tó wà nínú páálí bí bisikíìtì, ṣé ìyẹn lo fẹ́ fi wá ohùn Bàbá? Débíánì ló bí Ùbúntù rẹ. Ara Débíánì ni wọ́n ti gé e. Ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ du ìjókòó."

"Ọmọ tó gbọ́n á máa wọlé níbi tí ìyá rẹ̀ kò lè gbà kọjá!"

Báyìí ni wọ́n yodì. Bọ̀dá Múfú kò jẹ àkàrà tí Rìsí bá din mọ́. Rìsí ń kí i, ẹ káàárọ̀, ẹ kúulé, ṣùgbọ́n ìkíni náà dà bí omi tí wọ́n dà sórí páànù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà nítorí kálukú ń bẹ̀rù pé ẹnì kejì yóò bà á jẹ́, ọjọ́ sì ń lọ. Èmi ni mo ń nu eruku orí rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo máa ń gbé etí lé e. Ẹ má bi mí pé kí ni mo ń retí.

Níkẹyìn Ìyá Àgbà pe àwọn méjèèjì jókòó níwájú rẹ̀, ó ní kí kálukú rojọ́ ètò tirẹ̀ bí alárenà ṣe ń rojọ́ ọkọ ìyàwó. Wọ́n rò ó. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó ń jẹ obì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni ìtumọ̀ orúkọ wọn?" ló kọ́kọ́ bi wọ́n.

Bọ̀dá Múfú ní orúkọ ọkùnrin kan àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n so pọ̀ tó di Débíánì. Ìyá Àgbà mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ dára. Àǹtí Rìsí ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú níhìn-ín ni wọ́n ti mú Ùbúntù, pé ènìyàn kì í dá ènìyàn jẹ́, ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di ènìyàn.

"A ti ń sọ ọ́ níbí," ni Ìyá Àgbà wí. "Ènìyàn laṣọ mi. Ṣé kò wá sí èyí tó ń jẹ́ fìlà níbẹ̀ ni?"

"Ó wà, Ìyá," ni Àǹtí Rìsí fèsì. "Fẹ̀dórà. Fìlà òyìnbó kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ò rí i! Èyí tó bá ọkọ mi tan wà nílẹ̀, ẹ wá ń jà lórí àwọn àjèjì!"

Bọ̀dá Múfú fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Kò sí sídì rẹ̀ lọ́wọ́ wa, Ìyá." Ìyá Àgbà wá nu ẹnu, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ẹ fetí sílẹ̀. Inú ẹ̀rọ yẹn, yàrá bàbá yín ni. A kì í palẹ̀ yàrá òkú mọ́ kí ẹbí tó jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, a kì í sì pín in sí méjì kí a tó mọ ohun tó fi síbẹ̀. Múfú, tìrẹ yìí, àgbà ni, ṣùgbọ́n yàrá ló fẹ́ wọ̀. Rìsí, o ní tìrẹ kò ní í wọ yàrá?"

"Kò ní í wọ̀ ọ́, Ìyá. Inú sídì ni yóò jókòó sí, yóò kàn máa wo inú lọ́ọ̀ọ́kán."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn. Àlejò tó mọ̀wà á kọ́kọ́ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ná. Kí tìrẹ jókòó. Múfú, jókòó tì í, kí o máa ṣọ́ àlejò."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ilé kún ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Rìsí ti sídì bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpò, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn síbẹ̀, ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Ganíyù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yínmú. Lójijì ni ojú náà là. Kì í ṣe búlúù tí a mọ̀ ọ́n sí. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ni, àwọ̀ páànù tó ti dógùn-ún, irú èyí tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá dúró lórí òkè Mápó tí ẹ wo gbogbo Ìbàdàn láti òrùlé dé òrùlé. Mo ti dàgbà, mo ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ wọn ni mo fi ń jẹun lónìí, ṣùgbọ́n títí di òní bí mo bá rántí àwọ̀ yẹn, irun ọwọ́ mi á dìde. Ẹ̀rọ tí gbogbo ayé ní ó ti kú ló lajú lórí èémí àlejò, láìjẹ́ pé àlejò náà fi ẹsẹ̀ kan ẹní ilé. Ìyá Àgbà nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó mọ ìlú wa."

Àǹtí Rìsí ṣí èyí, ó ṣí èyí, bí ẹni tó ń ka ojú fèrèsé láti ìta. A rí fótò ìkómọ, a rí iṣẹ́ ilé ìwé Ganíyù tí kò parí, a sì rí i: fáìlì kan ṣoṣo, "Bàbá". Ó wà níbẹ̀ lódindi. Àǹtí Rìsí tẹ̀ ẹ́. Ùbúntù dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé òun rí ohùn náà, ṣùgbọ́n òun kò ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń sọ irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Mo rí i tí ejìká Àǹtí Rìsí wálẹ̀. Irú fáìlì ohùn yẹn, àwọn kan ló ni àṣẹ lórí rẹ̀ nígbà náà, àwọn tó ṣe Ùbúntù kò sì fi irinṣẹ́ rẹ̀ sínú sídì tí wọ́n ń fi tọrẹ.

Mo retí pé Bọ̀dá Múfú yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àyè rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ lé àbúrò rẹ̀ léjìká, ó ní, "Dà á sórí fláàṣì fún mi. Débíánì náà kò gbé irinṣẹ́ yẹn wá láti ilé o, èmi ni mo fi sùúrù wá a kiri títí mo fi kó o jọ. Ìwọ ti rí i. Jẹ́ kí èmi sọ ọ́." Ó lọ gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá láti Bẹẹrẹ, ó gbé e wá lórí ọ̀kadà, ẹ ò tíì rí ẹni tó gbá nǹkan mọ́ra bẹ́ẹ̀. Títí òní, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí bá ń bú ara wọn lórí ayélujára pé Débíánì ló dára, pé Ùbúntù ló dára, pé Míńtì tó jẹ́ ọmọ Ùbúntù ti ju ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ lọ, ẹ̀rín ni mo ń fi wọ́n rín. Wọ́n ń bi mí pé èwo ni mò ń lò. Mo ní èyí tó bá mọ̀ ọ́n jókòó níbi tí ọ̀rọ̀ bá gbé e sí.

Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ nígbà tí Bọ̀dá Múfú so sípíkà tán. Ó tẹ̀ ẹ́ wò. A gbọ́ ẹnì kan tó fa èémí, a gbọ́ "Bísí..." Ìyá Àgbà na ọwọ́ sókè.

"Pa á!"

"Ìyá, òun nìyẹn!"

"Mo mọ̀ pé òun ni. Ṣé ohùn ọkọ mi ni wọn yóò wá fi hàn mí? Ìpè òwúrọ̀ ni. A kì í jí ènìyàn nírọ̀lẹ́. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ sì lọ sùn, kó lè rí yín jí."

Gbogbo ilé kùn, a sì lọ jẹun. Bọ̀dá Múfú àti Àǹtí Rìsí jẹun nínú abọ́ kan náà. Èmi kàn ń yí òkèlè ẹ̀bà mi káàkiri inú abọ́. Ganíyù fẹ́ máa wí ti ẹnu rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì fi ẹran tirẹ̀ kan sínú abọ́ mi, ẹ̀rí pé òun náà gbà pé wọn kò níí pè mí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jókòó sórí ẹní mi kí àkùkọ àdúgbò tó kọ. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Múfú ń rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn náà jáde, ó rọ̀, ó ń mí gúlegúle, kò sì yára.

"Bísímílà. Àṣàkẹ́, ilẹ̀ ti mọ́ o."

Láti inú yàrá rẹ̀, Ìyá Àgbà dáhùn, "Mo ti jí, ọkọ mi," bí ẹni pé àárọ̀ kan ṣoṣo kò fò ó.

"Àlàmú, dìde. Àbẹ̀kẹ́, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀, kí o dìde. Àjàní, mo mọ̀ pé o ò sùn, dìde kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ." Bọ̀dá Múfú ni Àlàmú, Àǹtí Rìsí ni Àbẹ̀kẹ́, Ganíyù ni Àjàní. Ilẹ̀kùn ń ṣí káàkiri agbo ilé, kálukú ń jẹ́ hòo, àwọn kan ń sunkún nínú rẹ̀. Ó pe àwọn ìyàwó ilé, ó pe ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èémí rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́, mo sì rò pé ó tán.

"Àkànmú," ló wí. "Ọmọ Kàdúná. Wọ́n ní ò ń bọ̀. N kò mọ̀ bóyá wàá bá mi. Bí o bá ti dé, ìwọ náà dìde. Bí kò bá dìde, ẹ bá mi da omi sí i."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sáré dùbúlẹ̀. Mo di ojú pinpin, mo na ẹsẹ̀, mo tilẹ̀ hanrun. Ganíyù fò sókè lórí ẹní tirẹ̀: "Ìyá Àgbà! Irọ́ ló ń pa! Kò sùn! Ó ti jókòó látàárọ̀!" Mo tún hanrun sí i. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀, mo gbọ́ ọmọrí bùtà tó ń ró, mo sì gbọ́ òórùn obì nítòsí ojú mi.

Omi náà tutù wọ egungun.

"Àkànmú," ni Ìyá Àgbà wí, "wọ́n ti pè ọ́ o."

Mo dìde.